Owó iṣẹ́ la máa san, a ò san owó orí lórí Orí Ifẹ̀

 Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ẹ rántí kàlẹ́ńdà tí ẹgbẹ́ wa tẹ̀ fún ọdún yìí. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. A ní ká gbé ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ Ifẹ̀ sí iwájú rẹ̀, kí àwọn ọmọ tí a bí sí Minna lè máa rí i lára ògiri ní àràárọ̀. Nígbà tí kàlẹ́ńdà dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ojú orí náà ti fọ́ wẹ́wẹ́, ó dà bíi gààrí tí wọ́n da omi sí. Bàbá kan bi mí níṣojú gbogbo ìpàdé pé, "Ọ̀gá aláṣọ, ṣé orí ọba nìyí àbí iṣu sísun?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé ọkàn.

Ohun tó fà á nìyí. Mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé musíọ̀mù kan lókè òkun pé kí wọ́n fi àwòrán ńlá tó mọ́ ránṣẹ́ sí wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ìjà mi kì í ṣe pẹ̀lú ilé kan ṣoṣo. Wọ́n dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́: ẹ̀dà mélòó lẹ fẹ́ tẹ̀? Ṣé iwájú ló máa wà àbí inú? Orílẹ̀-èdè wo? Ọdún mélòó? Mo kọ ọ́ pé ẹ̀dà 300, Nàìjíríà, ọdún kan. Wọ́n ní £75. Fún àwòrán kan, fún ìlò kan. Bí a bá tún fẹ́ lo àwòrán yẹn kan náà lọ́dún tó ń bọ̀, ká tún san owó mìíràn. Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà, ó tó nǹkan bíi ₦150,000. Mo gbé fóònù sílẹ̀. La bá lọ mú èyí tó wà lórí Google, a tẹ̀ ẹ́, ẹ sì ti rí ohun tó bí fún wa.

Láti ìgbà tí mo ti sọ ìtàn yìí níbí lẹ ti pín sí méjì. Apá kan ní: "Ẹ san owó náà jàre, àwọn òyìnbó ló tọ́jú nǹkan yìí, ẹni tó tọ́jú nǹkan ló ni èrè rẹ̀." Apá kejì ní: "Owó kí ni? Nǹkan bàbá wa ni. Ẹ mú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó máa mú yín ní Minna." Mo bọ̀wọ̀ fún apá méjèèjì, àgbà àti ẹ̀gbọ́n mi wà nínú yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba, ẹ̀yin méjèèjì ti ṣìnà. Owó tó tọ́ wà, a sì lè fi ẹnu sọ iye rẹ̀. Owó iṣẹ́ ni. Kì í ṣe owó orí.

Àwọn ọmọdé lè má mọ owó orí mọ́. Òun ni owó tí àwọn bàbá wa máa ń san fún ìjọba òyìnbó torí pé wọ́n wà láàyè. Ẹni tó bá san án, kò ra nǹkan kan, kò gbé nǹkan kan relé. Ó kàn san án kí wọ́n má baà dè é ni.

Èmi aláṣọ ni ní ọjà Kure, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò kọjá ibẹ̀. Àmọ́ mo mọ bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ọjà. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń wà nínú iye tí mo bá pè: iye tí mo fi ra aṣọ, ìnáwó tí mo ṣe lórí rẹ̀, owó ọkọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọmọ iṣẹ́, àti èrè tèmi. Oníbàárà tó bá bi mí, mo lè to ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n yẹn wọn àwòrán orí Ifẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iye tí wọ́n fi rà á. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí yìí nínú ilẹ̀, wọ́n lé ní mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú wọn dé British Museum ní London ní 1939. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, ra méjì, ó sì dá wọn padà ní 1950. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà nílé níbí. Ṣé orí náà fúnra rẹ̀ la wá fẹ́ rà? Rárá. Òjìji rẹ̀ la ń béèrè. Iye tó wù kí ẹnikẹ́ni fi ra orí ní èyí tó lé ní ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, kò gbọdọ̀ wà nínú iye òjìji.

Ta ló wá ṣe é? Ẹni tó rọ orí náà ti kú láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà tàbí méje sẹ́yìn. Kópíráìtì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ òkú. Musíọ̀mù kọ́ ló rọ ọ́. Nítorí náà, wọn ò lè gba èrè oníṣẹ́ ọnà lórí rẹ̀.

Ó wá ku ìnáwó. Ẹni tó ya fọ́tò, iná, kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà nínú rẹ̀, akọ̀wé tó dá lẹ́tà mi lóhùn. Èyí ni mò ń pè ní owó iṣẹ́, mo sì gbà pé ká san án. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Fọ́tò tí mo béèrè, wọ́n ti yà á tipẹ́. Wọ́n ti san owó ayafọ́tò. Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó dà bí ẹni tó gbẹ́ kànga. Ọjọ́ tó gbẹ́ ẹ ló náwó. Bí aládùúgbò bá gbé korobá tirẹ̀ wá ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ká gba owó okùn lọ́wọ́ rẹ̀, kò burú. Àmọ́ kí olúkúlùkù aládùúgbò máa san odindi owó ẹni tó gbẹ́ kànga, títí láé, ìyẹn kì í ṣe òwò mọ́. Omi kànga tilẹ̀ ń dín. Fáìlì kì í dín.

Mi ò lá àlá o. Rijksmuseum ní Netherlands ti ń fi àwòrán ńláńlá sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Metropolitan Museum ní New York ṣí ilẹ̀kùn àwòrán tó lé ní 375,000 sílẹ̀ ní oṣù kejì 2017. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tà, kó tẹ̀ ẹ́ tà. Smithsonian ní Washington ṣe tirẹ̀ ní oṣù kejì 2020, àwòrán mílíọ̀nù 2.8. Ilẹ̀kùn wọn ṣì wà ní ṣíṣí títí dòní. British Museum náà fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sílẹ̀ ní 2020, ṣùgbọ́n wọ́n so okùn kan mọ́ ọn: lò ó bí kì í bá ṣe fún òwò. Bó bá jẹ́ fún òwò, ó di ìwé àṣẹ, ó di owó.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀gún wà. Kí ni òwò? A ta kàlẹ́ńdà wa ní ₦1,500, ká lè fi èrè rẹ̀ san owó WAEC fún àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti kú láàárín wa. Ṣé òwò nìyẹn? Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé wọn ò ní pè é lówò. Okùn tí wọ́n fi ń de ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ni wọ́n fẹ́ fi de ẹgbẹ́ àwọn àlejò ní Nassarawa.

Àwọn kan á ní, bí musíọ̀mù ò bá gba owó àwòrán, kí ni wọ́n á máa jẹ? Ìbéèrè gidi ni, oníṣòwò kì í fi ìyẹn ṣeré. Ní 2004, Simon Tanner ti King's College London ṣe ìwádìí lórí àwọn musíọ̀mù ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wọn ló wù pé kí owó àwòrán kó ìnáwó wọn padà. Èyí tó sọ pé òun rí i ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Kò yà mí lẹ́nu. Akọ̀wé tó ń ka fọ́ọ̀mù, tó ń kọ ìwé àṣẹ, tó ń lé gbèsè káàkiri, owó oṣù rẹ̀ náà owó ni. Ẹ sọ fún mi, irú òwò wo lèyí tí olówò ń pàdánù, tí oníbàárà náà sì ń bínú lọ?

Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ní òyìnbó ló tọ́jú. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká rìn jìnnà, ẹ jẹ́ ká wo etí Odò Ọya. Ní Tada, abúlé Nupe kan létí odò náà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ère ọkùnrin kan wà níbẹ̀ nígbà kan tó jókòó. Bàbà ni wọ́n fi rọ ọ́, àwọn onímọ̀ sì rí ọwọ́ Ifẹ̀ lára rẹ̀. Àwọn Nupe ní Tsoede, baba ńlá àwọn ọba wọn, ló kó irú àwọn ère bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn ará Tada tọ́jú rẹ̀ láti ìran dé ìran. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n a máa gbé e lọ sódò, wọ́n a fi òkúta wẹ́wẹ́ inú odò fọ̀ ọ́, kí obìnrin wọn lè bímọ, kí ẹja lè pọ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ musíọ̀mù ìjọba wa ní Èkó. Ní 2010, ó lọ sí London fún àfihàn Ifẹ̀ tí wọ́n ṣe ní British Museum fún oṣù díẹ̀. Mo bi yín, ta ló tọ́jú ère yìí? Ṣé àwọn tó gbé e sábẹ́ iná fún oṣù díẹ̀ ni, àbí àwọn apẹja tó ń gbé e lọ gbé e bọ̀ láti ayébáyé? Bó bá jẹ́ pé ìtọ́jú ló ń fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ti àwọn ará Tada ránṣẹ́ sí wọn. Àwa tí a ń gbé láàárín Nupe àti Gbagyi, ó yẹ ká jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan ẹ̀yin tí ẹ ní ká jí i. Ẹ gbọ́ ìṣirò tí atẹ̀wé ṣe fún mi. Kí àwòrán tó lè mọ́ lórí kàlẹ́ńdà A3, fáìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nǹkan bíi píksẹ́ẹ̀lì 3,500 ní ìbú àti 5,000 ní gígùn. Èyí tí a mú lórí Google, 600 péré ni ìbú rẹ̀. Ìyẹn ni orí ọba ṣe di iṣu sísun. Èyí tó wà níta gbangba kì í sábà ṣe èyí tí à ń wá. Èyí tó dára ni wọ́n tì mọ́lé, òun ni wọ́n sì ń gbowó lé lórí.

Ẹ tún wo ti àwọn ọmọ wa tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ nínú ìlú yìí. Bí ẹnì kan bá mú fọ́tò wọn lẹ̀ mọ́ pátákó ìpolówó láìsan kọ́bọ̀, ẹ̀yin kan náà lẹ máa kígbe olè. Òógùn ayafọ́tò òkè òkun náà, òógùn ni.

Òfin ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 2023, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlú Ọba sọ ọ́ nínú ẹjọ́ THJ àti Sheridan pé iṣẹ́ tí ẹni tó ṣe é kò bá fi làákàyè ara rẹ̀ yan nǹkan kan sínú rẹ̀ kò lè ní kópíráìtì. Àwọn tó mọ òfin ní èyí kan fọ́tò tí wọ́n bá ya àwòrán pẹlẹbẹ àtijọ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Àmọ́ orí idẹ kì í ṣe pẹlẹbẹ. Ayafọ́tò ló yan ibi tí iná máa gbà wọlé, òun ló yan ẹ̀gbẹ́ tó yà. Kópíráìtì lè wà níbẹ̀. Ẹ má fi ẹgbẹ́ wa ṣe àgbò ìdánwò. Èyí tó sì tóbi jù lójú tèmi ni pé, bí a bá jí i lónìí, ẹnu wa á wúwo lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ wa.

Nítorí náà, mo ti kọ iye tó tọ́ sílẹ̀, bí ẹni tó lẹ iye ọjà mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Kí iye wà ní gbangba. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí pé ta ni mí kí wọ́n tó sọ iye. Kí wọ́n kọ ọ́ síta, kí náírà wà lára rẹ̀.

2. Àwòrán tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀: ọ̀fẹ́ fún ilé ìwé, fún ẹgbẹ́ bíi tiwa, fún ìwé tí wọ́n fi èdè wa kọ, fún ìlú tí nǹkan náà ti jáde. Bó bá pọn dandan kí wọ́n gba owó akọ̀wé, kò gbọdọ̀ ju owó mudu ìrẹsì kan lọ.

3. Àwòrán tí wọn ò tíì yà: ká san owó ayafọ́tò, wákàtí tó lò àti iye wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló máa san án. Bó bá ti san án, kí fáìlì náà di ti gbogbo wa, kí ẹni tó tẹ̀ lé e má san án mọ́.

4. Ilé iṣẹ́ ńlá: báńkì, ilé iṣẹ́ fóònù, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ańkárá, fíìmù olówó ńlá. Kí àwọn yìí san owó gidi, kí apá kan nínú rẹ̀ sì máa lọ síbi tí wọ́n ti gbẹ́ nǹkan náà jáde. Aláṣọ ni mí, mo mọ iye tí wọ́n ń rí lórí bọ́ńdù kan. Wọ́n lè san án.

5. Ohun tó jẹ́ ti awo tàbí ti ojúbọ: kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn tó ni ín. Ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé kọ́ ni mò ń wí. Lẹ́yìn tí Felwine Sarr àti Bénédicte Savoy kọ àbá wọn fún ìjọba Faransé ní 2018 pé kí àwòrán àwọn ohun ilẹ̀ Áfíríkà di ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn, àwọn onímọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún dá wọn lóhùn ní 2019 pé àwọn tó ni nǹkan ló yẹ kó sọ èyí tí wọ́n máa yà àti ẹni tó máa rí i. Mo fara mọ́ wọn. Nǹkan kan wà tí owó kò rà, tí ọ̀fẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ gbé.

6. Bí nǹkan bá padà wálé, kí àwòrán rẹ̀ padà pẹ̀lú. Netherlands dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Benin 119 padà ní 2025. Ó dára, Ọlọ́run á san án fún wọn. Àmọ́ fáìlì ńkọ́? Ìwé àṣẹ ńkọ́? Ẹni tó dá màlúù padà tó sì di okùn rẹ̀ mú, kò tíì dá a padà tán. Ó ṣeé ṣe: àwọn tó ṣe Digital Benin ní 2022 kó àkọsílẹ̀ àti àwòrán ohun tó lé ní 5,000 jọ sójú kan, láti ilé musíọ̀mù 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Ifẹ̀ náà yẹ kó ní irú rẹ̀.

Kí n tó jókòó, ọ̀rọ̀ kan fún ilé tiwa. Èyí tó pọ̀ jù nínú orí Ifẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba Nàìjíríà, lábẹ́ àjọ NCMM. A ò lè máa jà pẹ̀lú London ká sì dákẹ́ nípa Abuja. Ìlànà mẹ́fà tí mo kà yẹn, àjọ yìí náà ni kó kọ́kọ́ fi hàn wá: iye tó wà ní gbangba, àwòrán ńlá tó mọ́ fún ilé ìwé àti ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí báńkì àti ilé iṣẹ́ fóònù san tiwọn. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Minna, ní Peckham, ní Houston, kí gbogbo wọn lè rí orí yẹn gbà láìdọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ilé tiwa bá ṣe é, ta ni òkè òkun á fi ṣe àwíjàre?

Ohun tí mo wá fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe nìyí. Mo ti kọ lẹ́tà méjì, ọ̀kan sí musíọ̀mù tó ní ká san £75, ọ̀kan sí NCMM. Mo máa kà á ní ìpàdé Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wá bá mi tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ wá fọwọ́ sí i. Ẹni tó ní ká sanwó, kó wá. Ẹni tó ní ká jí i, kó wá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò tẹ́ lọ́rùn, kó kọ iye tirẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àbíkẹ́yìn mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó gbọ́ Hausa bí omi, ó gbọ́ Gbagyi díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Yorùbá ni mo ṣì ń fi pàṣán kọ́ ọ. Kò tíì dé Ifẹ̀ rí. Ó dúró níwájú kàlẹ́ńdà wa lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ta ni èèyàn yìí? Kí ló dé tí ojú rẹ̀ ti fọ́?" Mi ò rí èsì fún un. Ṣé kí n sọ fún un pé a ò ní £75 ni?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà Kure o. Orí yìí ò gbọdọ̀ wọ́ mọ́.